Níbo Ni Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀dà Yín Wà?

Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lò lórí pèpéle kí iná tó wà lókè orí rẹ̀ tó di pupa. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kó bá a. Ó ti kí ilé, ó ti pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti sọ ìtàn bí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ó tó wá na ọwọ́ sókè tí ó ní, "Bí ẹ bá ti àká dátà wa pa nísinsìnyí, ẹ̀dà rẹ̀ yóò gba iṣẹ́ ṣe kí n tó mu omi inú ife yìí tán."

Pèpéle gbọ́. Kò sí ẹni tó tẹ bọ́tìnnì kankan. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ohun tí ọ̀gá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ní Ẹ̀pẹ́, àká náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkùnrin náà gbé ife sẹ́nu. Ó mu omi náà tán. Ó gbé ife kalẹ̀, ó wo ògiri níbi tí ó yẹ kí orúkọ àká rẹ̀ ti padà yọ, ó sì tún gbé ife náà sẹ́nu bí ẹni pé omi díẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà kò dé.

"Ẹ mú un sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́," ni Alága wí, "kí ẹ sì fún un ní omi mìíràn."

Lẹ́yìn dígí, nínú yàrá tí àwọn olùsọ̀rọ̀ ti ń dúró de ìpè, Jọláadé Akínfẹ̀hìnwá rẹ́rìn-ín, ó sì yára kọ ẹ̀yìn sí ilé kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ burú. Ayọ̀ tó wà nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni kò mọ ibi tí òun ìbá gbà jáde. Ọjọ́ kejìdínlógún rẹ̀ rèé lórí oyè Olórí Olùṣọ́ ní Àká Ọ̀sà, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ọgbọ̀n ilé-ìwòsàn pa ìwé àwọn aláìsàn wọn mọ́. Láti ìgbà tí òfin ti gbé Pèpéle Ìdánwò kalẹ̀, kò tíì sí ẹni tí kò pé ogójì ọdún tí a pè sórí rẹ̀. Òun ni yóò jẹ́ àkọ́kọ́. Gbọ̀ngán tí pèpéle wà nínú rẹ̀ léfòó lórí omi bí àwo ńlá tí a dojú rẹ̀ dé. Ẹgbẹ̀ta àga ló wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ̀ta olùṣọ́ dátà láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àti òkè òkun ló sì jókòó sórí wọn. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí. Gbogbo rẹ̀ dá lórí gbólóhùn kan: bí ẹ bá ti àká ńlá wa tó wà lábẹ́ ọ̀sà pa, ẹ̀dà rẹ̀ tó wà nínú àpáta Ìdànrè yóò gba iṣẹ́ ṣe láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Ó ń pe gbólóhùn náà lábẹ́ ẹnu nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà ní etí rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ti gun orí pèpéle ni?"

Bàbá Adétimẹ́hìn ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí ti ń ṣọ́ àká ńlá ní ìsàlẹ̀ ọ̀sà, ó sì bí Jọláadé ní ọmọ bí ọjọ́ orí bá ṣe é kà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í joyè ni bàbá náà ti ń pè é ní Ọ̀gá, tí kò sì jẹ́ kí ó dá òun lẹ́kun.

"N kò tíì gùn ún, Bàbá. Èmi ló kàn."

"Ẹ jókòó ná."

"Mo ti jókòó," ni Jọláadé wí lórí ìdúró.

"Mo ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀dà dán òkè Ìdànrè wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà kò sí nínú àpótí rẹ̀."

"Ta ló gbé e?"

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá."

"Èmi kẹ̀?"

"Àṣẹ tí ẹ pa lọ́jọ́ tí ẹ wọlé. Ẹ ní gbogbo ohun iyebíye ilé yìí ni kí a kó wọ yàrá inú lọ́hùn-ún, kí a sì tì í. Kọ́kọ́rọ́ ló ṣe iyebíye jù nínú wọn. Òun la kọ́kọ́ gbé."

Ìgbà náà ni Jọláadé jókòó lóòótọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà jẹ́ ogójì ọ̀rọ̀ tí a fín sára àwo irin kan. Láìsí wọn, àpáta Ìdànrè kò ní í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Yàrá inú lọ́hùn-ún sì wà nínú ikùn àká ńlá gan-an, lẹ́yìn ilẹ̀kùn méje. Bí a bá ti àká náà pa, ilẹ̀kùn méjèèje yóò kú pẹ̀lú rẹ̀, ohun tí a ó fi ṣí ẹ̀dà yóò sì wà nínú ohun tí a tì. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀gá tuntun kò bìkítà.

"Ẹ rí i pé kò bójú mu, ẹ kò sì sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ ní ìdí, Ọ̀gá."

"Ìgbà wo ni ẹ lè dé ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kà á sí Ìdànrè létí?"

"Ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ tì tán kí èyí tó wà níwájú tó ṣí. Omi ló ń tì wọ́n, a kì í bẹ omi. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, bí orúnkún mi bá gbà."

"Ẹ máa lọ, Bàbá. Ẹ má pa ìlẹ̀kẹ̀ etí yín."

Bí ó ti sọ èyí tán ni orúkọ rẹ̀ tàn yòò lára ògiri. Orúkọ tó bá ti tàn kò ṣeé pa. Ẹni tí ó bá sá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kùnà ni.

Alága dúró ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ìyáàfin Ọláìtán ni orúkọ rẹ̀, obìnrin gíga kan tí irun rẹ̀ funfun báláú, tí ó ti rí ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tó gun orí pèpéle pẹ̀lú ẹ̀rín tó sì sọ̀kalẹ̀ láìní iṣẹ́.

"Ṣé o mọ òfin?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"N ó sọ ọ́ síbẹ̀. Ohunkóhun tí o bá sọ nípa àká rẹ ni pèpéle yóò dán wò, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ti ẹnu rẹ jáde gan-an, kò ní í lé, kò ní í dín. Ohun tó bá tì tí kò bá padà, títì ni yóò wà títí ilé-ẹjọ́ yóò fi ṣí i, kò sì tíì sí èyí tí ilé-ẹjọ́ ṣí kí oṣù mẹ́ta tó pé. Bí ìdajì ilé bá dìde kí o tó sọ gbólóhùn kan tó ṣeé dánwò, ohùn rẹ yóò kú, a ó sì gba ẹ̀tọ́ ìpamọ́ dátà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ. Èmi náà kò ní agbára láti dá a dúró. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà."

Ó yé e ju bí Alága ṣe rò lọ. Bí ó bá sọ gbólóhùn tó ti kọ́ sórí, ọgbọ̀n ilé-ìwòsàn yóò fọ́jú fún oṣù mẹ́ta; oníṣẹ́-abẹ kan yóò dúró ti ẹni tó dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀ láìmọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kó fún un. Bí ó bá jẹ́wọ́ pé kọ́kọ́rọ́ wà nínú àká, pèpéle yóò ti àká náà pa láti mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ, nítorí pèpéle kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyangàn àti ìjẹ́wọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù ni kí ó máa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta láìsọ nǹkan kan nípa àká rẹ̀, kí ilé má sì dìde. Nínú gbogbo àwọn tó ti gbìyànjú ìyẹn rí, èyí tó pẹ́ jù lo ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Ó gùn ún. Iná funfun tàn sí i lórí. Lókè ilẹ̀kùn àbájáde, òǹkà àwọn tó ti dìde fi òdo hàn.

"Wọ́n ti gbé ife kúrò o," ni ẹnì kan wí láti ìlà iwájú, ilé sì rẹ́rìn-ín.

Láṣebìkan ni, ọ̀gá Àká Gbàǹgbà, ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù lọ nínú gbogbo wọn. Bí a bá gba ọgbọ̀n ilé-ìwòsàn náà lọ́wọ́ Jọláadé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò lọ. Gbogbo ilé ló mọ̀, òun náà kò sì fi pamọ́.

"Mo dúpẹ́, sà," ni Jọláadé wí. "Òùngbẹ kò gbẹ mí. Ìtàn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀."

Ó sọ fún wọn nípa ayé àwọn ìyá-ńlá wọn, nígbà tí pèpéle ṣì jẹ́ pákó lásán. Ó ní nígbà náà, àwọn ènìyàn a máa wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ìlú dé ìlú kí wọ́n lè wá sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń pa dátà ilé-iṣẹ́ mọ́. Wọn a fi àwòrán hàn lára ògiri: àpótí mẹ́ta, ọfà láàárín wọn. Wọn a ní, dátà yín kò lè sọnù láéláé. Ilé a pàtẹ́wọ́. Wọn a fún ara wọn ní káàdì tí a kọ orúkọ sí, wọn a sì lọ jẹun ọ̀sán.

"Ta ló wá ń dán an wò?" ni obìnrin kan béèrè láti àárín.

"Kò sí, mà. Oúnjẹ náà ni wọ́n ń dán wò."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Iná kò kúrò ní funfun, nítorí ìtàn àwọn tó ti kú kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa Àká Ọ̀sà. Ní etí rẹ̀, Bàbá Adétimẹ́hìn mí hẹ̀lẹ̀. "Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ti tì lẹ́yìn mi, Ọ̀gá." Jọláadé kò lè dá a lóhùn, ohun gbogbo tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀, pèpéle ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ó sọ ti ọdún Ìparẹ́ Ńlá. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀: ilé-iṣẹ́ tí a kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́, tí ó ní ẹ̀dà mẹ́ta ìwé ìbí ìlú méje, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ti fi wọ́n yangàn lórí pèpéle mọ́kàndínlógún. Àjà kìíní ni ẹ̀dà kan wà, àjà kejì ni èkejì wà, àjà kẹta ni ẹ̀kẹta wà. "Ẹ̀dà mẹ́ta, òrùlé kan," ni Jọláadé wí. "Iná kò tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́ kó tó jó wọn tán." Ó sọ bí àwọn àgbàlagbà ṣe tò sí ọgbà ilé-ẹjọ́ láti búra pé lóòótọ́ ni àwọn ń jẹ́ orúkọ tí àwọn ń jẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Òǹkà fi mẹ́sàn-án hàn. "Ilẹ̀kùn kejì," ni Bàbá Adétimẹ́hìn wí ní etí rẹ̀.

"Ìyáàfin," ni Láṣebìkan wí, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, "ìtàn yín dùn. Ìyá mi náà a máa pa irú rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n àká yín ni a wá gbọ́ nípa rẹ̀. Àbí kò sí lábẹ́ omi mọ́ ni?"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Mẹ́wàá míràn dìde. Jọláadé wò ó. Lójijì ló rí i kedere pé ohun kan wà tí pèpéle kò lè dán wò láéláé, ìyẹn ni ìbéèrè.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan, sà. Ẹ̀dà yín wà?"

"Ẹ̀dà mẹ́rin. Òkè mẹ́rin."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé wọ́n wà ní títì?"

"Ṣé ẹni tó bá ya wèrè nìkan ló ń fi ẹ̀dà sílẹ̀ ní ṣíṣí ni? Wọ́n wà ní títì."

"Níbo ni kọ́kọ́rọ́ wọn wà?"

Láṣebìkan rẹ́rìn-ín. Ó la ẹnu láti dáhùn. Gbogbo ilé dúró de ìdáhùn náà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín náà wà lójú rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń gbé e ró mọ́.

"Ó wà níbi tó wà," ni ó wí níkẹyìn.

"Ṣé inú àká ni, àbí ìta rẹ̀? Ta ló rí i kẹ́yìn? Ṣé ẹni náà ṣì ń bá yín ṣiṣẹ́?"

Láṣebìkan ká ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì dìde, ó fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ etí rẹ̀ bí ó ti ń jáde lọ.

Ilé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà ń dínkù láti ìlà dé ìlà, bí olúkúlùkù ṣe ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà. Ọkùnrin kan dìde ní ìlà kẹrin. Obìnrin méjì dìde lẹ́yìn rẹ̀. Inú Jọláadé dùn débi pé ó gbàgbé òǹkà. Ó bọ́ sí iwájú pèpéle, ó ń bi wọ́n léèrè bí ẹni tó ń ju òkò: ìgbà wo ni ẹ gbìyànjú láti ṣí ẹ̀dà yín kẹ́yìn? Ṣé ẹ ti kà á, àbí ẹ kàn ń wò ó pé ó wà níbẹ̀? Bí ẹni tó mọ ọ̀nà rẹ̀ bá lọ sí ìsinmi ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ báyìí lórí pèpéle yẹn rí, kò sì sí ẹni tí ó ń tòògbé nínú gbọ̀ngán náà.

Ìgbà tí ó gbé ojú sókè ni ó rí ohun tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Òǹkà ti di igba ó lé àádọ́ta. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wọ̀ wọ́n lára tí wọ́n fi ń sáré jáde lọ pe ilé, ṣùgbọ́n àga kò mọ ìdí tí ènìyàn fi dìde. Bí ó bá di ọ̀ọ́dúnrún, ohùn rẹ̀ yóò kú.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó," ni Jọláadé wí. Wọn kò gbọ́.

"Ilẹ̀kùn kẹfà ti ń ṣí," ni Bàbá Adétimẹ́hìn wí. "Orúnkún ń ṣe wàhálà díẹ̀."

Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Igba ó lé ọgọ́rin. Ó ní láti sọ gbólóhùn kan, kò sì gbọ́dọ̀ kan ilé-ìwòsàn kankan. Gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ti ẹnu jáde gan-an, ni Alága wí. Kò ní í lé, kò ní í dín. Òǹkà di ọ̀ọ́dúnrún dín mẹ́sàn-án. Jọláadé padà sí àárín pèpéle, ó sì gbé ohùn sókè.

"Ìwé-ayé mi, tí orúkọ mi, iṣẹ́ mi àti ìlera mi wà nínú rẹ̀, wà ní Àká Ọ̀sà. Bí a bá ti ìwé náà nìkan pa, tèmi nìkan, ẹ̀dà rẹ̀ yóò ti Ìdànrè padà wá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú."

Iná di àwọ̀ ọsàn. Òǹkà òkè ilẹ̀kùn kú, nítorí a kì í gba ohùn ẹni tí ìdánwò rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Lára ògiri, orúkọ Jọláadé Akínfẹ̀hìnwá pa rẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Alága dìde lórí àga rẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tí o ṣe? Bí kò bá padà, kò sí ilẹ̀kùn tí yóò ṣí fún ọ, kò sí dókítà tí yóò wò ọ́. Ìwọ kọ́ ni olórí ẹnikẹ́ni mọ́."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

Àwọn tó wà lórí ìdúró kò jáde mọ́. Wọ́n yí padà, wọ́n ń wo ògiri tó ṣófo. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kọjá, mẹ́wàá kọjá. Láṣebìkan padà wọlé, òógùn sì bo iwájú orí rẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ tiwa wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìntì lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn," ni ó wí fún ẹni tó jókòó tì í, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́. "Wọ́n ń wá ilé rẹ̀."

"Ọ̀gá." Ohùn Bàbá Adétimẹ́hìn ti yí padà. "Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn keje. Ní ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ni mo ti ń sọ pé Jọláadé Akínfẹ̀hìnwá ló rán mi. Èyí ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Jọláadé ló ti pa orúkọ ara rẹ̀. Bàbá Adétimẹ́hìn dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó ń retí àṣẹ, Jọláadé kò sì lè pa àṣẹ kan fún un tí kò ní í tú àṣírí àká fún pèpéle. Ó kọjú sí ilé.

"Ẹ jẹ́ kí n tún bi yín. Bí ilẹ̀kùn kan bá kọ orúkọ ọ̀gá, ṣé ẹni tó ti ń ṣí i láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò ní orúkọ tirẹ̀ ni? Kí ló dé tí kò lò ó?"

Ilé kò mọ ẹni tí ó ń bá wí. Wọ́n wo ara wọn.

"N kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo ń ré yín kọjá," ni bàbá náà wí. Lẹ́yìn náà ni Jọláadé gbọ́ tí ó ń sọ fún ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìtìjú ń ṣe, "Adétimẹ́hìn ni. Èmi ni mo rán ara mi." Ohùn irin tẹ̀lé e, àti ohùn omi tó ń fà sẹ́yìn.

Bàbá náà wá ń ka ogójì ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ará Ìdànrè. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún ní kí ó tún ìkẹtàdínlógún pè. Ó tún un pè. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní orúkọ. Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gbọ̀n ìdánwò náà, lẹ́tà kan yọ lára ògiri, òmíràn tẹ̀lé e, orúkọ Jọláadé Akínfẹ̀hìnwá sì tò padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iná di àwọ̀ ewé.

Ariwo tí ilé pa mi omi ìsàlẹ̀ gbọ̀ngán. Láṣebìkan pàápàá pàtẹ́wọ́. Alága ka ohun tó wà lára ògiri sókè gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí: orúkọ, ìlú, ọjọ́ ìbí. "Iṣẹ́: Igbákejì Olórí Olùṣọ́, Àká Ọ̀sà."

Ẹ̀rín kúrò lójú Jọláadé. Igbákejì kẹ̀? Ipò tó wà kó tó di Olórí nìyẹn.

"Ọ̀gá," ni Bàbá Adétimẹ́hìn wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "mo ti bi àwọn ará Ìdànrè. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ẹnu àpáta kí ẹ̀dà ọjọ́ náà lè wọlé. Láti ọjọ́ tí a ti gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́, ohunkóhun kò wọlé mọ́. Wọ́n ní àwọn rò pé bí ọ̀gá tuntun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Wọn kò fẹ́ béèrè."

"Ìdánwò ti parí," ni Alága wí. "Ẹ̀tọ́ ìpamọ́ yín dúró. O lè sọ̀kalẹ̀."

Ó lè sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngán náà tó mọ ọjọ́ tí ó joyè. Ṣùgbọ́n ìwé gbogbo ọmọ tí a bí ní ọgbọ̀n ilé-ìwòsàn láti ọjọ́ méjìdínlógún kò ní ẹ̀dà níbì kankan, ẹgbẹ̀ta olùṣọ́ sì ń múra láti lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé bí ẹ̀dà bá ti lè ṣí, ó tán.

"Ìwé-ayé mi tó padà wá kò péye," ni ó wí. "Ó fi ọjọ́ méjìdínlógún pẹ́ lẹ́yìn."

Pèpéle fi ìwé wé ìwé. Iná tún di àwọ̀ ewé.

"Bàbá," ni Jọláadé wí sókè kí gbogbo wọn gbọ́, "ẹ má tíì gòkè wá. Ẹ jẹ́ kí Ìdànrè kọ́kọ́ gba ti ọjọ́ méjèèjìdínlógún. Láti òní lọ, bí mo bá pa àṣẹ tí kò yé yín, ẹ máa bi mí ní ìdí rẹ̀."

"Ṣé àṣẹ nìyẹn, Ọ̀gá?"

"Àṣẹ ni."

"Kí ni ìdí rẹ̀?"

Jọláadé bú sẹ́rìn-ín lórí pèpéle, láìbojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí yóò fi sọ̀kalẹ̀, àga ti ń ṣófo lọ níwájú rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kọ́kọ́rọ́ wọn tún ń sáré jáde lọ béèrè ọjọ́ tí ẹ̀dà wọn ti pẹ́ tó. Alága pàṣẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé Àká Ọ̀sà gbọ́dọ̀ tún èyí ṣe kí oòrùn tó wọ̀. Ó ṣí ìwé láti pe orúkọ ẹni tó kàn, ó wò ó, ó sì pa ìwé náà dé. Ó fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ etí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún," ni ó wí fún ìwọ̀nba àwọn tó ṣẹ́ kù. "Mo fẹ́ bi ọ́fíìsì wa léèrè, ẹ̀dà òfin pèpéle yìí fúnra rẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n kọ ọ́ kẹ́yìn."